Ìbéèrè Kẹta Lójú Ọ̀nà Jẹ́bbà

"Kí ni iṣẹ́ rẹ?"

"Mo ń wakọ̀."

"Ta ló ni ọ́?"

"Ilé-iṣẹ́ Alhaja Ràbíàtù ló ni mí."

"Kí lo ń fẹ́?"

Ohùn náà dákẹ́ díẹ̀. Ìbídùn gbójú sókè kúrò lórí wàláà tó fi ń kọ̀wé. Kò sí ẹnìkan níwájú rẹ̀. Àga awakọ̀ ṣófo, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ kòtò láàárín bí àga tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

"N kò fẹ́ nǹkan kan," ni ohùn náà dáhùn. Lẹ́yìn náà ó wúkọ́.

Ikọ́ yẹn ni Ìbídùn kò fẹ́ràn. Ọdún kẹwàá rèé tó ti ń ṣírò owó fún àwọn onítírélà, tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí owó-orí, tó sì ń bi àwọn ọwọ́ òkú ní ìbéèrè mẹ́ta tí òfin là sílẹ̀. Àwọn tó ti bi léèrè lé ní igba. Síbẹ̀, bí ohun tí kò láyà bá wúkọ́, ara rẹ̀ a máa bù máṣọ.

Ó kọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Alhaja Ràbíàtù ń dúró dè é nísàlẹ̀ nínú ọgbà ọkọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀yìn Ìlọrin, ó fi ìbòrùn wé orí mọ́ etí nítorí ọyẹ́. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, opó, tírélà mẹ́sàn-án ló ní, kò sì sí èyí tí kò lè dá mọ̀ nínú òkùnkùn nínú wọn.

"Ó yege?" ni Alhaja béèrè.

"Ó dáhùn bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n n kò tíì lè fọwọ́ sí i, Alhaja."

"Kí ló tún kù? Òní lọjọ́ tó parí. Bí ìwé yẹn ò bá dé Ẹnubodè Jẹ́bbà kí wọ́n tó tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, alààyè ni wọ́n máa ka Làmídì tó ti kú sí, wọ́n á sì gbowó alààyè lórí ẹ̀."

"Ìṣẹ́jú mọ́kànlá kan wà tí n kò rí ìdí rẹ̀." Ìbídùn na wàláà sí i. "Ẹ wò ó. Ìgbà igba ó lé mẹ́rìnlá ni ọkọ̀ yìí lọ sí Jẹ́bbà lọ́dún yìí. Kò sí ìgbà kan tó ń lọ tí kò dúró lẹ́yìn Bódè Sáàdú. Ojú kan náà. Kò sí ọjà níbẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti ń gba iná, táyà kò jò. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ á ṣí, á wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, á pa dé, á tún máa lọ."

"Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ló bàjẹ́ nínú ẹ̀."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dúró fún ìṣẹ́jú méjìlá láìnídìí, fèrè á dún ní Ẹnubodè. Kò dé méjìlá rí. Kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ bí kì í bá ṣe pé mo ro gbogbo wákàtí ọdún pọ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọwọ́ kì í mọ òfin, Alhaja."

Alhaja wo orí ọkọ̀ náà, ó tún wo Ìbídùn.

"Ìbídùn, má fi tìẹ kó bá mi. Ìwọ lo jókòó nínú pálọ̀ mi lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. O ní kí n má dá ọwọ́ Làmídì dúró. O ní bí awakọ̀ bá kú, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sí owó-orí lórí rẹ̀ fún ọdún méje, pé òun ló máa gbé ilé-iṣẹ́ yìí dìde. Ìmọ̀ràn rẹ ni. Mo sanwó fún un. Ọgbọ̀n ẹnu ló ń jẹ lára àwọn ọkọ̀ yìí báyìí."

"Òótọ́ lẹ sọ."

"Ó dáa. Bá a lọ. Lọ wo ohun tó ń wò níbẹ̀. Wá àlàyé kan tó mọ́gbọ́n dání fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn, kó o fọwọ́ sí i, ká lọ sinmi."

Bẹ́ẹ̀ ni Ìbídùn ṣe padà gun ọkọ̀.

Àpò iyọ̀ ẹgbẹ̀ta ló wà lẹ́yìn, Mọ́kwá ni wọ́n ń kó o lọ. Ọkọ̀ náà kò pariwo, iná oòrùn ló ń lò. Ìró táyà nìkan lèèyàn ń gbọ́. Ọyẹ́ bo ọ̀nà bí ẹni fi aṣọ bo àwo. Àwọn tírélà mìíràn ń yọ bọ̀ láti inú ọyẹ́ náà, àga wọn ṣófo, bí wọ́n bá sì fẹ́ kọjá lára wọn, wọ́n á ṣẹ́jú iná síra wọn bí àwọn awakọ̀ ti máa ń kíra wọn láyé ìgbà tí wọ́n wà láàyè. Òfin kò ní kí wọ́n máa kíra wọn. Ìbídùn ti rí i tipẹ́. Kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan rí.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe àwọn ọwọ́ yìí kò le lójú àwọn tó ṣe é. Ẹ̀gbà kan ni wọ́n máa ń fi sọ́rùn-ọwọ́ awakọ̀ láti ọjọ́ tó bá ti wọṣẹ́. Ẹ̀gbà á máa kọ́ bó ṣe ń yà, bó ṣe ń tẹ bíréèkì, bó ṣe ń dá oníyọnu lóhùn lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọkọ̀ á lè dá wa ara rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ àti ohùn ẹni yẹn. Ìwé ìjọba ń pè é ní Ọwọ́-Ìrántí. Ọwọ́ òkú ni gbogbo ayé ń pè é.

Ti Làmídì ya Ìbídùn lẹ́nu nígbà tó kọ́kọ́ ka ìwé rẹ̀. Lórí òkè Jẹ́bbà ni ọkàn ọkùnrin náà ti dúró, ó ń wakọ̀ lọ́wọ́. Ọkọ̀ kò yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Ó gbé òkú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó tò sí ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ yòókù, ó sì kí àwọn òṣìṣẹ́ Ẹnubodè pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ni wọ́n tó mọ̀.

"Ẹ di ìgbànú yín," ohùn náà wí. "Kòtò wà níwájú."

Kò sí kòtò níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti dí i láti ọdún mẹ́ta. Ọkọ̀ náà yà fún un síbẹ̀, jẹ́jẹ́.

"Ta lo máa ń dúró dè lẹ́yìn Bódè Sáàdú?" Ìbídùn béèrè. Òfin ní kí ẹni tó ń béèrè má ṣe fi 'ẹ' bá ọwọ́ sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ pé ó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ kó tó kú, torí a kì í bọ̀wọ̀ fún irinṣẹ́.

"Mo ń wakọ̀," ni ohùn náà fèsì.

Wọ́n kọjá Bódè Sáàdú. Kò pẹ́ púpọ̀, ọkọ̀ náà dẹwọ́ eré. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nídìí igi irúgbá kan, ó fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ Ìbídùn ṣí fúnra rẹ̀. Òtútù wọlé.

"Ẹ rọra gùn ún o," ohùn náà wí. Kì í ṣe Ìbídùn ló ń bá sọ̀rọ̀; ohùn náà rọ̀, ó kéré, bí ohùn ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Àtẹ̀gùn rẹ̀ ga díẹ̀."

Ìbídùn yọjú. Kò sí ẹnikẹ́ni. Koríko gbígbẹ nìkan ló wà níbẹ̀, àti oko ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti wú, tó lọ jìnnà wọnú ọyẹ́. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Èkejì kọjá. Ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé nǹkan kan ló bàjẹ́ nínú ojú ọkọ̀ náà nígbà tó rí ohun funfun kan tó ń mì lókèèrè, láàárín ebè.

Obìnrin arúgbó kan ni. Ó ta aṣọ funfun sórí, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀lé ti òsì bí ẹni ń fa igi. Á rìn díẹ̀, á dúró, á gbójú wo ọkọ̀, á tún rìn.

"Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù," ohùn náà wí.

Ìbídùn wo obìnrin náà, ó wo àyè tó wà láàárín wọn. Ìṣirò ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò gbà á lákòókò rárá láti mọ̀ pé kò lè dé. Kò lè dé lónìí, kò lè dé rí nínú gbogbo ìgbà igba ó lé mẹ́rìnlá tí ilẹ̀kùn yìí ti ṣí tó sì ti pa dé mọ́ ọn lójú. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sáré wọ oko ẹ̀gẹ́ náà pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì.

"Ìyá, ẹ kú ìrìn. Ṣé ọkọ̀ yẹn lẹ̀ ń lọ bá?"

Obìnrin náà ń mí gúlegúle. "Ọmọ mi ni. Làmídì ni. Òun ló ń fun fèrè pè mí. Ṣùgbọ́n ó máa ń lọ kí n tó dé."

"Ẹ ò kúkú ṣe jókòó dè é lẹ́bàá ọ̀nà?"

"Mo jókòó dè é rí, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò gba ibí kọjá lọ́jọ́ náà." Arúgbó náà fi ìka nu imú. "Àbí kí n má purọ́ fún ọ. Bóyá n kò fẹ́ dé ibẹ̀ ni. Ojú mi ni wọ́n ṣe bò ó mọ́lẹ̀, ọmọ mi. Bí mo bá débẹ̀, kí ni mo fẹ́ wí fún un?"

Ìbídùn yíjú padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ gun ẹ̀yìn mi, Ìyá."

Ó fúyẹ́ bí igbá. Ìbídùn pọ̀n ọ́ la àwọn ebè náà kọjá, ọ̀pá ń gbá a lẹ́sẹ̀, èémí arúgbó ń gbóná sí i lọ́rùn. Bó ti ń lọ, ó ń kà á lọ́kàn: mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá. Ó gbójú sókè kó lè rí ilẹ̀kùn bí yóò ṣe pa dé. Ilẹ̀kùn kò mì. Iná pupa kan tàn lórí ọkọ̀. Ìṣẹ́jú méjìlá ti pé. Fèrè ti dún ní Ẹnubodè. Ọkọ̀ náà ṣì dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́," ohùn náà sọ fún Ìbídùn, "ẹ bá mi gbé wọn sókè. N kò lọ́wọ́ tí mo lè fi gbé wọn."

Nígbà tí arúgbó jókòó tán, ó na ọwọ́ sí àga tó ṣófo, ó fi pa kòtò àárín rẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. "Làmídì?"

"Ìyá. Ẹ ti pẹ́. Ṣé ẹsẹ̀ náà ṣì ń dùn yín?"

Arúgbó náà fi ìbòrùn bo ẹnu.

Bí ọkọ̀ ti gbéra ni ohùn Alhaja hó sí Ìbídùn létí láti inú ẹ̀rọ ìpè tó há síbẹ̀. "Ìbídùn! Ẹnubodè ti pè mí! Kí ni ọkọ̀ mi ń ṣe?"

"Ìyá rẹ̀ ló dúró dè, Alhaja."

Ìbídùn gbọ́ tí Alhaja ṣílẹ̀kùn mọ́tò. "Má kọ nǹkan kan," ó wí. "Mo ń bọ̀."

Ìyá Làmídì ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ kú ló ti ṣubú lẹ́yìn ilé, tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Làmídì yà wò ó láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, ṣùgbọ́n ẹrù wà lẹ́yìn ọkọ̀, òfin kò sì gbà pé kí èèyàn wọ ọkọ̀ ẹrù láìgbàṣẹ. Owó ìtanràn rẹ̀ lè gba owó oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ awakọ̀. Ó ní kí ìyá òun wọṣọ sílẹ̀, òun á já ẹrù, òun á padà wá gbé e lọ sí ọsibítù Jẹ́bbà lófìfo.

"Mo wọṣọ," arúgbó náà wí. "Mo wọ̀ ọ́ títí di ọjọ́ kejì."

Ọkọ̀ náà ń gbọ́. Ó ń rọra sáré, ó ń yẹra fún gbogbo ibi tí ilẹ̀ kò ti dán.

"Ìyá," Ìbídùn wí, "ta ló máa ń wá gba ìka lọ́wọ́ yín lọ́dọọdún?"

"Ẹnìkan láti ibi iṣẹ́. Á gbé àpò iyọ̀ kan wá, á ní kí n tẹ̀ka. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé torí iyọ̀ ni."

"Ẹ lè kọ̀. Ìka yẹn ló ń jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ pa ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó sinmi. Ẹbí ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i, kì í ṣe ilé-iṣẹ́."

Arúgbó náà yíjú sí i. "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?"

"Èmi ló yẹ kí n sọ fún yín. Ìwé kan wà tó ní mo ti sọ fún yín. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ìgbà mẹ́fà."

Ìbídùn rò pé yóò bú òun. Kò bú u. Ó kàn wò ó títí, ojú rẹ̀ gbẹ. "Kí ló ń dẹ́rù bà ọ́ tó báyẹn?" ó béèrè.

Ohun tí Ìbídùn kò tíì sọ fún alààyè kankan rí ló sọ fún obìnrin yìí nínú ọkọ̀ náà. Ó sọ pé òun ní ọkọ kan, Fọlọ́runṣọ́, awakọ̀ ni, ibà ló pa á. Ọwọ́-Ìrántí rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun sì ni wọ́n ní kóun lọ bi í léèrè. Ìwé àṣẹ òun kò tíì pé oṣù kan. Ọkọ tí òun kò pe orúkọ mọ́ lórí rí, òun jókòó níwájú àga rẹ̀, òun ń bi í pé, Kí ni iṣẹ́ rẹ? Ta ló ni ọ́?

"Nígbà tí mo bi í ní ẹ̀kẹta, ó ní, 'Ìbídùn, mo fẹ́ sùn.'"

"O kọ ọ́?"

"Mo kọ ọ́ pé kò fẹ́ nǹkan kan. Bí mo bá kọ òótọ́, wọn á pa á, n kò ní gbóhùn rẹ̀ mọ́ láé. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù nígbà náà. Wọ́n tà á sí ọ̀nà aṣálẹ̀, Ìyá. Àwọn ọkọ̀ ibẹ̀ kì í dúró tọ̀sán-tòru. Èṣí ni wọ́n tó tú irin rẹ̀ tà. Ọdún mẹ́sàn-án." Ó gbójú sí fèrèsé.

Arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gun òkè Jẹ́bbà. Lórí òkè náà, ohùn inú ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́; àwọn obìnrin méjèèjì mọ ibi tí àwọn wà.

Ọsibítù náà kò jìnnà sí Ẹnubodè. Ọkọ̀ náà kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, ó gba ọ̀nà ọsibítù, ó dúró sí ẹnu géètì. Ilẹ̀kùn ṣí.

"A ti dé, Ìyá."

Arúgbó kò dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jiná láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó kàn jiná ní wíwọ́ ni. "O ṣé," ó wí. "O ṣé, ọmọ mi. O gbé mi dé." Ó fa ìbòrùn rẹ̀ mọ́ra. "Kí lo tún ń fẹ́?"

Ìbídùn rí i pé òun ti mú wàláà lọ́wọ́ láìmọ̀. Kì í ṣe òun ló béèrè, ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta náà ni.

"N kò fẹ́ nǹkan kan mọ́, Ìyá."

Ibẹ̀ ni Alhaja bá wọn. Mọ́tò kékeré rẹ̀ ń rú eruku bọ̀, kò tíì dúró tán tó fi sọ̀ kalẹ̀. Ó rí arúgbó nínú ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ kí i bó ti yẹ, lẹ́yìn náà ó fa Ìbídùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ló sọ?"

Ìbídùn sọ ọ́ fún un, ó kù wẹ́rẹ́ kó má lè pe ọ̀rọ̀ ìkẹyìn jáde.

"Ó dáa, ó dáa." Alhaja ń ronú kíákíá. "Bí ìyá bá fẹ́ kọ̀, kó kọ̀, n kò ní bá a jà. Ọ̀rọ̀ ọdún yìí nìkan nìyẹn, mo lè gbé e. Ìwọ kọ ìdáhùn ìkẹyìn. N kò fẹ́ nǹkan kan. Òótọ́ ni. Òun ló sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀."

"N kò fẹ́ nǹkan kan *mọ́*, ló sọ."

"Yọ 'mọ́' kúrò."

"Alhaja."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, Ìbídùn! Bí o bá kọ 'mọ́', wọ́n á ní kí ló ń fẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ṣí ọdún mẹ́fà sílẹ̀. Wọ́n á ṣí àwọn mẹ́jọ yòókù. Wọ́n á ṣí ìwọ náà! Gbogbo ìwé tí o ti fọwọ́ sí láti ọjọ́ tí o ti ń ṣiṣẹ́. O ò ní ríṣẹ́ ṣe mọ́."

"Mo mọ̀."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Mo fẹ́ gbà yín nímọ̀ràn." Iṣẹ́ Ìbídùn nìyí, ẹnu rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n sọ. "Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín wọ Ẹnubodè lọ kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, kí ẹ jẹ́wọ́ fúnra yín. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ kí wọ́n tó wá a wá, ìdajì ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń fún un ní ọdún márùn-ún láti san án. Owó tí ẹ bá san fún awakọ̀ tó wà láàyè, wọ́n á yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó ka owó-orí yín. Mo ti ṣírò rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ mẹ́ta máa lọ. Mẹ́fà á kù. Ilé-iṣẹ́ yín ò ní kú."

"Ó ṣírò ẹ̀ lójú ọ̀nà," Alhaja tún un sọ, bí ẹni ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ó yíjú kúrò. Ìbídùn tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí wàláà níwájú rẹ̀, kò yọ nǹkan kan, ó fọwọ́ sí i. Ó wá gbé ojú-ewé tí ẹbí fi ń kọ̀ lọ bá arúgbó nínú ọkọ̀.

"Ṣé ó máa dùn ún?" Ìyá Làmídì béèrè.

"N kò mọ̀, Ìyá. N kò ní purọ́ fún yín."

Arúgbó tẹ̀ka. Àwọn iná iwájú ọkọ̀ kú lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọ̀tún lọ sí òsì. Ohun kan dún nínú àga tó ṣófo náà, bí ìgbà tí fóòmù ń wú padà. Nígbà tí wọ́n wò ó, àárín rẹ̀ ti tẹ́jú.

Nọ́ọ̀sì kan wá mú arúgbó wọlé lọ wo ẹsẹ̀ tí kò sí nǹkan kan tí wọ́n lè ṣe sí mọ́. Kò bojú wẹ̀yìn.

Alhaja wọ Ẹnubodè lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tó jáde, oòrùn ti wọ́ lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, ojú rẹ̀ le bí òkúta. Ìbídùn dìde láti bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n Alhaja kọjá lára rẹ̀, ó gun tírélà, ó jókòó sórí àga awakọ̀. Ó fi èékánná yọ ìdérí kan níwájú àga náà, ó nawọ́ sábẹ̀ rẹ̀, ó sì fa sítíárìn tí eruku ti bò jáde.

"Alhaja, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Iyọ̀ ẹgbẹ̀ta àpò ló wà lẹ́yìn, oníbàárà ń dúró ní Mọ́kwá. Ta lo rò pé ó wa ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí èmi àti ọkọ mi ní?" Ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, ọkọ̀ náà gbọ̀n rìrì. "Wọlé. Mú àwọn ìwé rẹ."

Ó gbàgbé bí wọ́n ti ń yà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá òpó géètì. Àwọn tírélà tó ń bọ̀ láti òdìkejì ṣẹ́jú iná sí i, ó sì pẹ́ kó tó rántí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi iná dá wọn lóhùn.

"Ka orúkọ wọn fún mi," ó wí nígbà tí wọ́n sún mọ́ afárá. "Àwọn mẹ́jọ tó kù."

Ìbídùn ṣí wàláà. "Bùràímọ̀ Àlàgbé. Ọkọ̀ kẹta."

"Òun ló máa ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ bí ó bá bínú sí mi. Ta ni ẹbí ẹ̀?"

"Ìyàwó rẹ̀. Mọ́kwá ló ń gbé."

Wọ́n gun afárá. Odò Ọya tẹ́ lọ nísàlẹ̀, ọyẹ́ bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ ibi tí omi parí sí. Alhaja fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú lẹ́ẹ̀kan, kíákíá, ó tún padà di sítíárìn mú.

"Wá ilé ìyàwó ẹ̀ fún mi," ó wí. "Yára, Ìbídùn, kí n tó yí ọkàn padà."